Yàrá Iwájú Ilé Yín

Bàbá wa Kánò,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti ń yá díẹ̀, àmọ́ orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Àgbàdo oko Kuta kò ṣe dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọkọ Mujeebah ọmọ wa tún lù ú, ó ṣẹ́ ẹ lápá. Àwọn ìyá àsàlátù gbà á sí ilé-kéú, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un. Àwọn àgbà àdúgbò ní kó padà sílé ọkọ. Ìyá Àmúdà, olórí àsàlátù, ní: "Ẹni tó bá fẹ́ kó padà, kó kọ́kọ́ lọ bá ọkọ náà gbé wò!"

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéú nílò yàrá wọn. Yàrá iwájú ilé yín ṣófo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún ọkọ rẹ̀ níbi yìgì wọn pé, "Bó bá sú ọ, dá a padà fún wa, má nà án." Ó nà án, kò dá a padà. Àwa la lọ mú un wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè. Bí ẹ kò bá dáhùn, màá ṣí i, kí ẹ wá bá mi jà.

Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀, ẹ ó sì bá èèyàn nínú ilé.

Ọmọ yín,
Badrudeen