Ààwẹ̀ Nítorí Ẹsẹ̀ Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹwàá, 1989
Eré gígùn. Ẹ̀gàn dé Ìkòtún, mo gba Ìgàndó padà, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí odó. Kóòṣì Mọ́ṣúdù — Bàbá Aago ni mò ń pè é nínú ìwé ìrántí yìí, nítorí aago tó máa ń so mọ́ ọrùn — ní kí n má ṣe nǹkan kan lọ́la. Ó ní, “Tinúọlá, sùn! Ẹni tó bá ń sáré lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n yọ mí níṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ta ló dúró gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ mi?
Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà fẹ́ gba obìnrin méjì sínú ẹgbẹ́ eléré wọn, pẹ̀lú iṣẹ́ gidi. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, ni eré ìje tí wọ́n máa fi yan wọ́n. Méjì péré.

Ọjọ́rú, 11
Mo sùn. Wàhálà ni mo jí bá. Nílé wa, ẹni tí ara rẹ̀ le kì í dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Àǹtí Sìdíkátù, ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wa, yọjú lójú fèrèsé: “Tinú, àbí oyún ni? Sọ fún mi jàre, mi ò ní sọ fẹ́nì kankan.”
Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó lọ pe Wòlíì Ọlọ́runṣògo ti ìjọ wa. Wòlíì ní ẹ̀mí àárẹ̀ ló dè mí mọ́lẹ̀. Kí n gba ààwẹ̀ marúgbó, ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu. Mo ní mi ò lè gbààwẹ̀ kí n tún sáré. Wòlíì wo Màámi. Ó ní, “Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á o.”

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo sáré. Orúnkún ń ro mí.

Ọjọ́rú, 18
Mo ti dá ọgbọ́n kan. Mo wọ bàtà eré, mo dágbére fún Màámi, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní Ìgàndó. Orí àjákù aṣọ lẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀ ni mo sùn sí títí oòrùn fi rọ̀. Àtọ́kẹ́ ní, “Eléré ìje tó ń hanrun! Ẹ wá wò ó o!” Kí n tó wọlé, mo bu omi sára kó lè jọ òógùn.
Ìwé tí mo kà sọ pé inú orun ni iṣan ti ń lágbára. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi ní ọjọ́ keje. Kí ló wá dé tí mo fi ń jí ìsinmi bí ẹni tó ń jí adìyẹ?

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ara mi ti ń yá. Bàbá Aago ní ìsinmi ni. Màámi ní òun mọ ohun tó fà á. Mi ò bi í. Mo ti mọ ohun tó máa sọ — àbí mo rò pé mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 25
Ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́. Orun. Màámi ti rù. Ó ní ooru ni.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kọkànlá
Màámi ṣubú sórí iyanrìn inú ọgbà ìjọ. Èmi àti Àǹtí Sìdíkátù la gbé e dé ọsibítù. Wọ́n fa omi sí i lára. Ibẹ̀ ni Àǹtí Sìdíkátù ti dojú kọ mí: “Ìwọ ò mọ̀ ni? Látìgbà tí Wòlíì ti sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó o bá ti wọ bàtà eré, ìyá ẹ ò ní jẹ, kò ní mu, àfi tílẹ̀ bá ṣú pátápátá. Ó ní ọjọ́ tó o bá sinmi lòun náà á sinmi.”
Ọjọ́ tí mo bá sinmi.
Gbogbo ọ̀sán tí mo fi hanrun nídìí máṣíìnì Àtọ́kẹ́ — Màámi ń gbààwẹ̀ nítorí eré tí mi ò sá.

Ọjọ́ Ẹtì, 3
Ní ọsibítù, Màámi ti abọ́ ẹ̀kọ mímu sẹ́yìn. Ó ní, “Lọ sáré ẹ lọ́la. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.” Mo tún purọ́. Mo ní wọ́n ti sún eré síwájú. Ó wò mí títí. Ó mu ẹ̀kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4
Mo sá a. Ipò kejì. Bàbá Aago ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́tunla. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún, nílé tàbí ní ọsibítù.

Ọjọ́ Àìkú, 5
Màámi tún kọ oúnjẹ. Ó ní òun lòun ba eré mi jẹ́. Omi tí wọ́n fà sí òun lára ló já ààwẹ̀ òun, ló sì sún eré síwájú. Bí mo bá dákẹ́, ebi á pa á. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo já ohun kan ṣoṣo tó ní láti fún mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́, omi tí mo ń bù sára, ipò kejì. Gbogbo rẹ̀.
Ó bi mí bóyá ìgbà tóun kò gbààwẹ̀ gan-an ni mo yege. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà.
Ó na ọwọ́ sí abọ́. Ó mu ẹ̀kọ náà tán, kò ku ẹ̀kán kan. Ó tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó kọjú sí ògiri.
Nọ́ọ̀sì rọra bá mi sọ̀rọ̀ létí: kí n máa lọ, Màmá ń sinmi.
Mo yọjú wò ó: ojú Màámi là sílẹ̀.