Àmì Orí Ku

Ọjọ́ Ajé, 6/3/95

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: kọ̀ǹpútà Bùọ̀dá Nàfíù lórí tábìlì, ìró Màmá lórí rẹ̀ nítorí eruku Ìgando. Wáyà fóònù. Dísíkẹ́ẹ̀tì méjì, pupa kan, búlúù kan. Àwòrán Bàbá lára ògiri — ó wọ́.

Bàbá àti àbúrò wọn, Alàájì, wà lọ́sibítù ní Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́tò ló kọlù wọ́n. Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ibẹ̀, ni wọ́n lọ kí. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni Bùọ̀dá fi ń sọ bí ara wọn ṣe rí. Prógíráàmù tí yóò máa fi fóònù gba lẹ́tà náà wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àyè ọ̀kan péré ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni kí n yàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7/3

Mo sọ pupa ní Asáré, búlúù ní Ìgbín. Asáré yá, ṣùgbọ́n gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ló ń já dànù. Ìgbín ń kó àmì wá — Bùọ̀dá ti ṣe tíṣà Yorùbá rí, wọn kì í kọ̀wé láìfàmì sí i — àmọ́ kó tó dé, láìnì fóònù á ti já.

Sùrájù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ẹ́gbẹ́dá, tó kó dísíkẹ́ẹ̀tì wá: "Àǹtí Àmì, àmì lẹ fẹ́ sè jẹ ni? Ẹ mú pupa jàre."

Mo mú Asáré. Sùrájù mú Ìgbín lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9/3

Kò sí iná.

Ọjọ́ Ẹtì, 10/3

Lẹ́tà wọlé. Láìnì já láàárín rẹ̀. Èyí tó dé:

Alaaji ti jade losibitu. Baba lo ku.

Màmá ní, "Alhamdulillahi. Ó ku Bàbá yín nìkan." Wọ́n ti ń rẹ ẹ̀wà àkàrà sàráà. Mo ní ó lè jẹ́ "ló kú" o. Màmá ní ta ló ń túfọ̀ báyẹn? Ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ ní ara Bàbá ò yá, ká máa bọ̀.

Òótọ́ ni. Báyẹn ni wọ́n ṣe sọ ti ikú Ìyá Àgbà fún wa. Síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11/3

Màmá lọ agbádá Bàbá, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ. Sùrájù ní, "Àǹtí Àmì, ẹ ò tíì yó ni?" Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò bá mi ṣeré mọ́. Ó fún mi ní Ìgbín.

Ọjọ́ Àìkú, 12/3

Odidi lẹ́tà náà ṣì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ìgbín pè, láìnì já. Ó tún pè. Ọ̀rọ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá. Ló. Mo fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà.

Mo ṣí i.

Kú.

Ìyókù tí kò dé lọ́jọ́ Ẹtì: wọ́n ti sin Bàbá. Èmi nìkan ni Bùọ̀dá sọ fún. Kí n má tíì jẹ́ kí Màmá gbọ́ títí àwọn àti Alàájì yóò fi dé.

Màmá béèrè láti yàrá: ṣé wọ́n ti dá Bàbá yín sílẹ̀ lọ́sibítù? Mo ní láìnì já.

Mo dùbúlẹ̀ ní aago méje alẹ́, kí wọ́n má baà tún bi mí.