Bí Màmá Ṣe Fi Ẹnu Ara Wọn Lé Ìrànlọ́wọ́ Lọ

                                                  Ilé 1128, Òpópónà Linden,
                                                  Romeoville, Illinois,
                                                  Amẹ́ríkà.
                                                  Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Firdaus, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín lọ́hùn-ún? Ṣé ara rẹ le? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé láti Kano? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wó ilé lé yín lórí? Gbogbo ará Ìsẹ́yìn ńkọ́? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Daud ọkọ mi wà, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, òtútù sì ti ń yọjú.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko láìkọ̀wé! Jọ̀wọ́, má bínú, mo ti kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bí o kò tilẹ̀ rí mi. Ọ̀rọ̀ Màmá ló gbà mí lọ́kàn. Bí o bá gbọ́ ọ tán, wàá dárí jì mí, wàá sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Kò yẹ kí n máa júwe Màmá fún ọ, ìwọ tí wọ́n nà tó bí wọ́n ṣe nà mí. Bí wọ́n ṣe jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa nígbà náà ni wọ́n ṣe jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Chicago títí dòní, àfi pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Wọ́n ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n ń dá gbé inú yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé gíga kan tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà, ní apá àríwá ìlú. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mọ́sálásí sí wọn, bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn sì wà nínú ilé kan náà tí wọ́n jọ ń ṣàríyànjiyàn láti àárọ̀ dalẹ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọn ò bá mi gbé. A ti gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, oṣù méje ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa ní Romeoville. Bí èmi àti Daud bá ti jáde, tí àwọn ọmọ gba ilé ìwé lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kí Màmá tó tún gbọ́ ohùn èèyàn. Bọ́ọ̀sì kì í kọjá ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àfi ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ tó ń bọ̀. Daud ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Màmá wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹrù lò ń tò jọ níbi iṣẹ́, o tún wá tò mí mọ́ ọn nílé." Daud rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n rí ilé àgbàlagbà yẹn gbà ni mo tún gbọ́ tí Màmá ń kọrin.

Lóṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, àyàfi tí ẹnì kan bá ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ déédéé. Daud ní kí a kúkú kó wọn padà wá sílé. Màmá kò dáhùn, wọ́n kàn yíjú sí ògiri. Firdaus, o mọ̀ pé Màmá kì í dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló já mi láyà.

Èmi náà kò sì lè máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Evanston ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí n tó wa ọkọ̀ délé, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń ráyè jókòó ti Màmá.

Obìnrin kan ní mọ́sálásí ló wá là wá lóye. Ó ní ìjọba ní ètò kan fún àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí nǹkan tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Ìjọba á rán ẹnì kan sí wọn fún wákàtí mélòó kan lọ́jọ́. Ẹni náà á wẹ̀ fún wọn, á se oúnjẹ, á gbálẹ̀, á bá wọn ra nǹkan, kí wọ́n lè máa gbé inú ilé ara wọn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan á kọ́kọ́ wá béèrè ohun tí àgbàlagbà náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí ohun tí kò lè ṣe bá ṣe pọ̀ tó ni máàkì rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì tó ni ìjọba á gbà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣàlàyé èyí fún Màmá. Ibi tí mo ti pe máàkì ni etí wọn dúró sí.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi ná. Nígbà tó ku ọ̀la tí òṣìṣẹ́ náà máa wá, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ tún ilé Màmá ṣe. Mo fọ aṣọ fèrèsé, mo nu gbogbo ilẹ̀, mo sì gbé ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọsibítù fún wọn láti máa fi rìn pamọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ, torí pé kò dùn ún wò nínú pálọ̀. Èmi tí mò ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun! Àlejò ń bọ̀ ni mo mọ̀, n kò ro nǹkan mìíràn. Balùwẹ̀ nìkan ni Màmá ò jẹ́ kí n wọ̀, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe.

Òṣìṣẹ́ náà dé lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń jẹ́ Jessica. Màmá ti wọ léèsì. Wọ́n ti lo oògùn ìrora, wọ́n ti se ìrẹsì, wọ́n ti dín dòdò, wọ́n wá jókòó ṣinṣin bí ìgbà tí ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní ilé ìwé wa. Jessica béèrè bóyá wọ́n lè dá se oúnjẹ. Màmá ní, "My dear, eat first, then you will know." Ó béèrè nípa ìwẹ̀. Wọ́n ní, "Every blessed day, alhamdulillahi." Ó béèrè nípa ìrìn. Màmá dìde láìdi nǹkan kan mú, wọ́n rìn dé ojú fèrèsé, wọ́n rìn padà. Mo rí i pé wọ́n ń rọra gbé ẹsẹ̀ òsì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Jessica tilẹ̀ yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ìyá mi nílò ìrànlọ́wọ́. Ojú tì mí, Firdaus. Mo rò pé á máa wò mí bí ọmọ tó pa ìyá rẹ̀ tì. Ni mo bá ní, "We take very good care of her. She lacks nothing." Jessica kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jẹ dòdò, ó dúpẹ́, ó lọ. Bí ìlẹ̀kùn ṣe pa dé, Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé mo pàásì?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Máàkì wọn ò tó. Daud rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìdánwò tí a fẹ́ kí Màmá fẹ́èlì, ipò kìíní ni wọ́n lọ gbà níbẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n lọ máa palẹ̀ ẹrù Màmá mọ́ nígbà náà. Òótọ́ ló sọ, dókítà kò ní gbà kí wọ́n máa dá gbé bẹ́ẹ̀. A fi kíkó wọn sí ìparí oṣù keje.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ palẹ̀ ẹrù. Màmá jókòó sórí àga, wọn ò bá mi dá sí i. Balùwẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fa aṣọ tó bo báàfù gígùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, páálí ìwé méjì àti àpò ìrẹsì ni mo bá nínú rẹ̀. Kànìnkànìn tí mo rà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ báàfù, eruku ni mo bá. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Láti oṣù kẹta! Èmi tí mò ń wẹ̀ fún ìyá àwọn ẹlòmíràn, tí mo mọ èyí tó fẹ́ omi gbígbóná àti èyí tí kò fẹ́ kí ọṣẹ kan ojú òun, ìyá tó bí mi lọ́mọ kò wẹ̀ dáadáa fún oṣù mẹ́rin, n kò sì mọ̀. Inú bí mi sí Màmá. Inú bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri wá bá mi. Wọ́n ní àwọn lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ inú báàfù, ṣùgbọ́n bí àwọn bá fẹ́ gbé ti òsì, àwọn á tún máa rí ara àwọn bí àwọn ṣe ń ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ tútù ni àwọn fi ń nu ara. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún Jessica. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Èmi tí mo máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà láàárọ̀ Monday, tí mò ń wo èékánná wọn, tí mò ń wo ẹ̀yìn etí wọn, kí n wá sọ fún ọmọ kékeré yẹn, níṣojú rẹ, pé èmi ò wẹ̀? Tí mo bá sì sọ pé mi ò lè ṣe é, ṣebí ẹ máa kó mi lọ Romeoville ni."

Màmá ti rò pé Jessica wá wò wọ́n bóyá wọ́n ṣì yẹ lẹ́ni tó ń dá gbé ilé. Àlàyé mi méjèèjì, kò wọ̀ wọ́n létí rárá.

Lẹ́tà náà ti sọ pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ní kí òṣìṣẹ́ tún padà wá. Mo pe ọ́fíìsì wọn ní ọjọ́ Monday, a sì dá ẹrù kíkó dúró ná. Nínú oṣù kẹjọ, Jessica tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gbálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi. Mo gbé ọ̀pá onírin náà sí àárín pálọ̀. Mo ti to gbogbo ohun tí n ó sọ sórí bébà. Jessica kò tíì jókòó tán tí Màmá fi ní kí n lọ ra mílíìkì. Mo ní mílíìkì wà nínú fíríìjì. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tó ń pariwo ní kíláàsì. Mo dìde.

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo dúró sí. Mò ń gbọ́ ohùn Màmá, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí Jessica jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì lọ. Màmá ò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi, n kò sì béèrè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé àwọn mú un dé balùwẹ̀, àwọn sì gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ òsì náà lójú rẹ̀. Èmi ni kò yẹ kí n wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, Firdaus. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìjọba gbà wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó ń wá báyìí ń jẹ́ Eden, ará Ethiopia ni, á tó ẹni ogójì ọdún. Ó máa ń tẹrí ba kí Màmá kó tó bọ́ bàtà, ìyẹn sì wọ̀ wọ́n lára. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló ń wá. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. A ò sọ̀rọ̀ kíkó ẹrù mọ́, dókítà náà sì ti fọwọ́ sí i, bí wọ́n bá ṣáà ti ń gbà kí Eden ràn wọ́n lọ́wọ́ ní balùwẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ló ń bu oúnjẹ fún Eden, wọ́n ní kó jókòó, kí ló ń kán an lójú. Bó bá dárúkọ ìwẹ̀, wọ́n á ní ó di ọ̀la. Mo bi wọ́n bóyá kí n fi iṣẹ́ Evanston sílẹ̀ kí n máa wá wẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní rárá o, bí mo bá wá, kí n wá bí ọmọ, kí n jókòó, kí a jọ máa sọ̀rọ̀. Eden ò bínú, kò sì fipá mú wọn. Ó kó ìwé kúrò nínú báàfù, ó gbé àga ìwẹ̀ sí i. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá wá, á ṣí omi gbígbóná sílẹ̀ kí balùwẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dúró díẹ̀, á tún pa á. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Daud kí ọ púpọ̀. Bá mi kí Bàbá àwọn ìbejì, bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì sọ fún Ẹ̀gbọ́n Uthman pé mo ti rí fọ́tò ilé tuntun wọn, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Màmá ní kí o kọ̀wé sí àwọn, kí àfọwọ́kọ rẹ má sì rí wúruwùru bíi ti àtijọ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé lónìí ni mo fi pamọ́ sí ìparí. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mò ń sinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́, fóònù mi dún. Màmá ni. Wọn kì í pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mò ń gbọ́ Eden níbi tó ti ń kọrin jẹ́jẹ́ ní èdè ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá wá sọ̀rọ̀.

"Salihat, mo ti wẹ̀."

Wọ́n tún fi kún un.

"Títí dé ẹ̀yìn mi."

Wọ́n sì pa fóònù. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo lọ wẹ̀ fún ìyá tó kàn.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                                  Salihat.