Àga Tí Ọmọ Mi Jókòó Sí ní Káńsù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí l'Éjìgbò níbí.

Ìjọba ìbílẹ̀ kó àwọn ọmọ ilé ìwé girama jọ, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ aṣáájú. Kálukú máa ṣe káńsẹ́lọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi dùn, mo rán aṣọ tuntun fún ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ràshídátù.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo gbọ́ pé àga tó jókòó sí, káńsẹ́lọ̀ kan tó ti Àbíjàn dé, tó kú sórí àlééfà, ló ni ín. Wọ́n ti kọjú àga náà sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Ọmọ mi yí i padà.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ Faransé. Ọmọ tí kò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí! Tí mo bá pè é, á ní òun ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará Masifa lọ́wọ́. Kò sì sẹ́nì kankan níwájú ẹ̀.

Opó káńsẹ́lọ̀ náà gbọ́, ó wá. Orúkọ tí ọkọ ẹ̀ máa ń pè é ní yàrá ni ọmọ mi fi kí i. Obìnrin náà ò sunkún o. Ó ti ń gbé oúnjẹ wá fún un báyìí.

Ètò náà ti parí. Mo ní kí ọmọ mi bọ́ aṣọ tuntun yẹn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá Ràshídátù, ẹ fọkàn balẹ̀. Sáà mi ò tíì pé."

Ẹ̀yin olùgbọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nípa káńsù, ìgbà wo ni sáà ẹ̀ máa pé? Tó bá sì pé, ṣé wọ́n máa dá ọmọ mi padà fún mi?