Iyùn Tí Ó Fẹ́ Jẹ́ Orúkọ Wa

Abúlé Nukuvatu,
Erékùṣù Kadavu,
Fiji.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Yaca mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń kí ọ láti etí òkun. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ níbi tí o ti jẹun yó, kì í ṣe níbi tí o ti tẹ orí ba awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí ebi sì ń pa ọ́ tí o kò mọ̀. Ní tèmi, ọpẹ́ ni. Orúnkún ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì dá ṣáṣá.

Lẹ́tà rẹ bá ọkọ̀ ojú omi Suva dé. Mo kà á tán, mo tún gbé e fún Losana, ìyàwó ilé wa, pé kí ó kà á sókè kí n lè ṣe bí ẹni pé ìwọ ni ò ń sọ̀rọ̀. Mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Losana ń kàwé bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò gun orí òkè lọ síbi tí fóònù ti ń wọlé kí n pè ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, àti pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi sọ gbogbo rẹ̀, o kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o mọ̀ ni pé àárò rẹ ń sọ mí. Gbogbo ará abúlé yìí ló ní ohun tí wọ́n ń pè mí. Àwọn kan ní Àǹtí, àwọn kan ní Màmá, Losana ní "ẹ̀yin obìnrin yìí." Ṣùgbọ́n láyé, ìwọ nìkan lò ń pè mí ní yaca, nítorí ìwọ nìkan ni bàbá rẹ fi orúkọ mi sọ, ẹni tó bá sì ń bá ni jẹ́ orúkọ kan náà kì í pe ni lórúkọ, yaca ni. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí òkun nígbà mìíràn, n ó sì yíjú kíá. Ọmọ Makelesi ni, ó ń pe yaca tirẹ̀. N ó wá dorí kodò bí ẹni pé ẹja inú apẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ tún tò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iyùn. O ní nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, nínú àwọn iyùn tí o kó lẹ́nu ọ̀nà omi wa, ọ̀kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan. O ní gbogbo iyùn tó ń kọ́ àpáta sínú òkun ló ní orúkọ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, pé orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ gan-an a wá tẹ̀ lé e, àti pé ti ìdílé ti wà nílẹ̀, tirẹ̀ ló kù. O wá ń tọrọ pé kí n jẹ́ kí o fún un ní orúkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, orúkọ mi kọ́, orúkọ wa ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ò ní sọ pé ara rẹ lo fi sọ ọ́? Àfi bí mo ṣe kà á dé ìsàlẹ̀ tí mo rí i pé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò bójú mu lọ́dọ̀ yín kí èèyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sọ nǹkan, àti pé o ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yaca fún wọn títí ó fi sú ọ. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ní yaca kò lè mọ̀ ọ́n.

Ṣé o rántí ìgbà tí o kéré? Gbogbo òkú iyùn tí omi bá gbá sétí òkun lo máa ń kó wálé, wà á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná: àwọn elẹ́ka lọ́tọ̀, àwọn tó tẹ́ bí àwo lọ́tọ̀, àwọn tó rí roboto lọ́tọ̀. Wà á wá gbé ọ̀kan dání, wà á ní, "Yaca, kí ni orúkọ èyí?" Mo ní, "Òkúta ni." O bú sẹ́kún. O ní òkúta kọ́, ó ní ihò, àwọn kan ń gbé inú ẹ̀. Kí n lè ráyè bó kókò mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lórúkọ: èyí tó sanra ni ìyàwó pásítọ̀, èyí tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni Sakiusa ọlọ́kọ̀ nígbà tó bá mu yaqona yó. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọjọ́ tí ìyàwó pásítọ̀ wá kí wa, o gbé òkúta náà lé e lọ́wọ́, o ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin nìyí." Mo wá ibi tí n ó wọ̀, mi ò rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò tíì lè gbé mì. O ní bí ẹ bá sọ iyùn lórúkọ lọ́dọ̀ yín, orúkọ náà kì í ṣe ti àwọn tó wà láàyè. Ti ẹyọ kan ṣoṣo ni, èyí tí ẹ dá, tí ẹ fọ̀, tí ẹ sá títí ó fi funfun, tí ẹ wá tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ní Townsville yẹn, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Òun ni olórúkọ. Àwọn yòókù tó wà láàyè nínú òkun, ẹ máa ń fi wọ́n wé e ni. Bí wọ́n bá jọ ọ́, wọ́n á bá a jẹ́ ẹ. Mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀. Olórúkọ wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ìlú onílùú, èyí tó ń bá a jẹ́ ẹ wà nílé nínú omi. Mo ní, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi nìyí o.

Ohun kejì tí o béèrè ló le. O ní ọ̀gá rẹ kò gbà pé irú ọ̀tọ̀ ni. Ó ní iyùn àtijọ́ kan tí gbogbo yín mọ̀ ló pààrọ̀ aṣọ, pé àwọn aṣáájú yín ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n fún iyùn kan ṣoṣo ní orúkọ rẹpẹtẹ, nítorí níbi tí omi bá ti dákẹ́, ẹ̀ka gígùn ló ń yọ, níbi tí ìgbì bá ti ń lù ú, a sún kì bí ìkúùkù. Mo gba ọ̀gá rẹ gbọ́ níbẹ̀. Wo bí Losana ṣe rí nígbà tó dé ilé ọkọ àti bó ṣe rí báyìí. Nítorí náà o fẹ́ kí n lọ dá díẹ̀ lára èyí tó wà láàyè, kí n gbé e fún ọ̀gbẹ́ni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ní Vunisea, tí ìwé àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o lè fi àáyè wé ti inú dúrọ́ọ̀, bí àwọn ihò náà ṣe tò, bí inú ihò kọ̀ọ̀kan ṣe pín bí awẹ́ ọsàn. O ní bí kò bá sí ti àáyè, ọ̀gá rẹ kò ní fọwọ́ sí i, iyùn náà á wà bẹ́ẹ̀ láìlórúkọ, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ á sì ṣòfò mọ́ ọ lọ́wọ́.

Mo lọ. Ìwọ lo rán mi, n ò lè ṣàìlọ. Nígbà tí òkun fà dáadáa, Sakiusa fi ọkọ̀ gbé èmi àti Losana dé ẹnu ọ̀nà omi. Losana ní, "Ẹ̀yin tí orúnkún yín ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, orí àpáta lẹ tún fẹ́ gùn?" Mo ní kó di apẹ̀rẹ̀ mú kó sì dákẹ́. Sakiusa ní òun ò bá wa débì kankan, oorun lòun fẹ́ sùn sínú ọkọ̀, kí ẹni tó bá ṣubú pariwo dáadáa.

Yaca, o kò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Ìgbà ooru tó kọjá, omi gbóná títí àwọn iyùn fi funfun báláú. Mo ti kọ ìyẹn sí ọ. Ohun tí mi ò kọ ni ohun tó tẹ̀ lé e. Wọn ò padà ní àwọ̀. Ewé òkun bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí irun orí tí wọn ò yà. Níbi tí a ti máa ń dúró de ẹja, tí wà á máa ka oríṣi àwọ̀ fún mi títí n ó fi ní kí o jẹ́ kí etí mi sinmi, àwọ̀ ẹrẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀. Omi mù mí dé orúnkún, mo dúró, mo sunkún. Losana yíjú síbòmíràn. Ìwà rere kan ṣoṣo tó hù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A wá a títí. Lábẹ́ àpáta, níbi tí òòrùn kì í dé, níbi tí ìkarahun ti gé ọ lẹ́sẹ̀ nígbà kan, ni mo ti rí i. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ bí oyin, etí rẹ̀ sì ní elése àlùkò díẹ̀, bí o ṣe júwe rẹ̀. Gbogbo ohun tó yí i ká ti kú. Ṣùgbọ́n kò rí bí àwòrán tí o fi ránṣẹ́: tìrẹ ní ẹ̀ka, èyí sún kì. Ṣé òun náà ni, tí ibi tó bá ara rẹ̀ kàn sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Àbí òmíràn ni? Mo wò ó títí, mi ò lè sọ. Losana náà wò ó, ó ní tí wọ́n bá bi òun, òkúta ni.

Mo yọ òòlù. Losana ní, "Ẹ dá a, ká máa lọ, omi ń bọ̀." Mo gbé òòlù sókè, mo tún gbé e wálẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n bá yín dá a ni?" Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ó ti yé mi. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ báyìí, ọmọ yẹn ò tún ní ìdí kankan tó fi máa wálé. Àbí mo parọ́?" Mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò parọ́. Yaca, kò parọ́ rárá. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn, mo sì gbé òòlù wálé bí mo ṣe gbé e lọ.

O kọ ọ́ pé, "Bàbá mi ti lọ, ta ni mo tún fẹ́ wá bá?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi ńkọ́? Ta ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú? Mo mọ̀ pé nígbà tí Apisai àbúrò mi papò dà, wọ́n ti gbogbo ẹnubodè pa nítorí àrùn, orí fóònù lo ti wo bí a ṣe ń sin bàbá rẹ, fóònù náà sì kú kí a tó bo iyẹ̀pẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá ìsìnkú kì í kàn ṣàdédé wọlé. Ó ní láti gbé ẹní àti eyín àbùùbùtán síwájú àwọn àgbà kí ó tó jókòó. Mo mọ̀ pé ìyẹn ń bà ọ́ lẹ́rù, pé o rò pé ojú kan wà tí wọn á fi wò ọ́. Má bẹ̀rù. Àwọn ẹní náà ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ẹnubodè ṣí ni mo ti ń hun wọ́n, mo fi òwú pupa yí etí wọn ká. Eku jẹ ọ̀kan, mo ti hun òmíràn. Eyín àbùùbùtán bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí o máa gbé wá kò ju ara rẹ lọ.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Mi ò ní bá ọ dá a, mi ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí orúkọ. Èmi kọ́ ni mo mọ ohun tó wà nínú ihò, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá wò ó fúnra rẹ. Kí ó tó di oṣù Kejìlá ni o, torí omi ti tún ń gbóná, mo ń fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n láràárọ̀, mi ò sì lè ṣèlérí pé iyùn yẹn á dúró dè ọ́. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí o bá wò ó tí o rí i pé òun ni, dá ìba tí o bá nílò, kí o sì fún un ní orúkọ wa. Bí kì í bá ṣe òun, ó dára náà. O ti wálé ná.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ nílé onílé. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má já sófo. Kí ojú tí o fi ń wo ihò kéékèèké má ṣàìrí ọ̀nà ilé. Kí ìgbì dẹ̀ fún ọkọ̀ tí yóò gbé ọ wá. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí ó ń bá ọ jẹ́ orúkọ kan náà,
Taraivini Àgbà.

Àfikún: Losana ní kí o bá òun mú awò ojú bọ̀, pé òun mọ̀wé kà, ojú ni kò ríran. Èmi náà, ojú mi kì í rí ọ̀nà jíjìn mọ́, èrò sì máa ń pọ̀ létí omi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé. Nítorí náà, má wulẹ̀ máa ju ọwọ́ sí mi. Pe yaca. Gbogbo obìnrin tó ní ẹni tó ń bá a jẹ́ orúkọ ló máa yíjú. Èyí tó bá ti ń sunkún kí ó tó yíjú, èmi nìyẹn.