Ẹnu Tí Bàbá Fi Ń Wakọ̀

                                                  Ilé Wa Àtijọ́,
                                                  Ẹ̀yìn Ibùdó Bọ́ọ̀sì.
                                                  Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtijọ́. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ikọ́ tí ẹ ní ó ń dà yín láàmú níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ṣé ìyá onílé yín ṣì ń pa iná mọ́ yín lójú kí ẹ tó kàwé tán, àbí ó ti ń ro tiyín díẹ̀? Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, pàápàá ọ̀gbẹ́ni olóorun tí ẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní kí ẹ má fi ebi kàwé, pé ìwé kì í wọ inú òfìfo.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí pé gbogbo wa wà ní àlàáfíà, kí n sì pa ìwé dé. Mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo sì ti fà á ya. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ojú bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ṣì ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo mú ẹ̀kọ́ ìrìnàjò ìgbafẹ́. Ẹ ní ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìgbafẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ kó gbé àga síta kó jókòó. Ẹ tún ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ilé-ìwé ti rí iṣẹ́ fún ẹnu mi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ẹnu-ò-sinmi láti kékeré. Bí mo bá sọ̀rọ̀ láti ilé ìwẹ̀ títí dé orí ibùsùn, ẹ ó kàn fi ìrọ̀rí bò mí lẹ́nu. Nígbà náà, ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, gbogbo kíláàsì ti gbà á lẹ́nu yín.

Kì í ṣe àga là ń gbé síta o. À ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò sí òtẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn tí aṣọ rẹ̀ ò ní hunjọ, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀, àti bí afinimọ̀nà ṣe ń dúró nínú ọkọ̀ tó ń lọ láìṣubú lu àlejò. Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Tíṣà Ìgbafẹ́, ní òfin kan tí wọn kì í sọ láìfi rúlà lu tábìlì: ẹnu afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣáájú táyà. Wọ́n ní bí afárá bá ti kọjá fèrèsé kí o tó dárúkọ rẹ̀, àlejò á kàn máa yí ọrùn kiri ni. Nítorí náà, ohun tó ń bọ̀ ni ká máa sọ, kì í ṣe ohun tó ti dé. Inú mi dùn sí òfin yìí, àfi bí ẹni pé nítorí mi ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, kíláàsì wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní òdìkejì odò. Bàbá ló wa ọkọ̀. Kálukú wa ni yóò gba máìkì díẹ̀díẹ̀ láti fi àwọn yòókù mọ̀nà, Tíṣà á sì máa fún wa ní máàkì láti àga ẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, mo di irin mú, mo ní, "Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, láìpẹ́ a ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó sì rí ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Orí mi wú.

Nígbà tó yá, ọ̀fun mi gbẹ. Mo gbé máìkì sílẹ̀ kí n mu omi. Kí n tó dé ike omi náà padà, ọkọ̀ ti ń fà lọ sí ẹ̀bá títì, obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ níbẹ̀. Mo kígbe, "Bàbá!" Wọ́n fà á padà. Táyà gun bèbè títì, ó tún já bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà fa kẹ̀kẹ́ mọ́ra, ó ń ṣépè fún wa. Àwọn ọmọ kíláàsì hó yèè, wọ́n rò pé kòtò la kó sí. Bàbá ò wẹ̀yìn. Wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́, wọ́n ní, "Má dákẹ́, ọmọ mi. Máa sọ̀rọ̀ lọ. Kí ló wà níwájú wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo he máìkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tí mo rí. "Ẹ̀yin àlejò wa, iná pupa ló wà níwájú yẹn, a fẹ́ dúró. Ó ti yí padà, a ti lè máa lọ. Ẹ wo bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá sọdá lọ́wọ́ òsì, ẹ jẹ́ ká fún wọn láyè. Ajá kan rèé láàárín títì, kò sì jọ pé ó fẹ́ kúrò." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó kan ẹlòmíràn láti gba máìkì, mi ò fún un, mo ní ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi. Mo sọ̀rọ̀ lọ, mo sọ̀rọ̀ bọ̀. Tíṣà Ìgbafẹ́ fún mi ní máàkì tó ga jù lọ. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń kọ́ni, àwọn ò tíì rí afinimọ̀nà tí ojú rẹ̀ là tó báyìí.

Nígbà tí a délé, mo bá bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Wọn ò parọ́ fún mi. Wọ́n ní láti ọdún tó kọjá ni ojú náà ti ń ṣe bí ìgbà tí omi ọṣẹ bá gbẹ mọ́ gíláàsì. Láàárọ̀, ó sàn díẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, gbogbo nǹkan á funfun. Wọ́n ní ọ̀nà ilé-ìwé kò ni àwọn lára, pé ọwọ́ àwọn ti mọ gbogbo kòtò ibẹ̀, àfi ọ̀nà tuntun. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè bá wọn mú un kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti sinmi ọkọ̀ wíwà fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ní bí ilé-ìwé bá fi gbọ́, awakọ̀ mìíràn á ti jókòó sí àyè àwọn kí wọ́n tó tú aṣọ kúrò lójú àwọn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní pẹ́ parí. Bó bá ti parí, màá lọ ṣe é." Mo wo Màmá. Inú ọpọ́n tí wọ́n ń fọ abọ́ sí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè máa dá ara yín lẹ́bi o, mi ò sì ní kí ẹ fi ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀. Inú ń bí mi sí bàbá, àánú wọn sì tún ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà wá di iṣu ata yán-an yàn-an. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kíláàsì wa fẹ́ lọ wo omi tó ń já láti orí òkè. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju kọ́nà lórí kọ́nà lọ. Mo lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ láti sọ fún Tíṣà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìrìnàjò ìgbafẹ́ ń bá wa lọ, pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń bọ̀, pé èmi nìkan ni yóò di máìkì mú láti ilé-ìwé títí dé òkè. "Mo sì ti bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé bàbá rẹ ni mo fẹ́. Awakọ̀ tó fara balẹ̀ bíi tiwọn ṣọ̀wọ́n." Mo dúró síbẹ̀. Èmi Ẹnu-ò-sinmi, ẹnu mi sinmi lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ara mi ò yá, pé mi ò ní lè lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá fọwọ́ kàn mí níwájú orí. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi, pé kò séwu, àwọn á dá wa ọkọ̀ náà. Wọ́n á dá wà á! Mo dìde lórí ibùsùn, mo ní ara mi ti yá. Bí mo bá lọ, èmi ni mo gbé wọn lọ. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á lọ.

Lánàá, lẹ́yìn ilé-ìwé, bàbá pè mí sínú bọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n gbé e sí. Wọn ò tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n mú àwọn gun òkè náà kí àwọn lè mọ̀ ọ́n sára. Mi ò dé òkè ọ̀hún rí; àwòrán ọ̀nà tí Tíṣà yà sójú pátákó ni mo kọ́ sórí. Mo dúró sí àyè mi, mo bẹ̀rẹ̀. Kọ́nà àkọ́kọ́, ọ̀tún. Afárá tóóró. Kọ́nà tó tẹ̀ lé e, òsì, ẹ rọra. Bàbá di ojú, wọ́n ń yí ọwọ́ ọkọ̀ bí mo ṣe ń wí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. Nígbà tí a dé kọ́nà tó ga jù lọ, mo mọ̀ pé ọ̀tún ni ọ̀nà gbà, pé àfonífojì ló wà lósì. Mo ní òsì. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi jiyàn, kí wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú, kí n lè rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

Wọn ò jiyàn. Wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ náà sósì, wọ́n yí i tán, wọ́n sì ń dúró de èyí tó kàn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá ò tíì la ojú. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o dákẹ́? Ṣé a ti dé òkè ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan ni bàbá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé, inú àpò wọn ló ń gbé, kò sí bí mo ṣe lè pè yín. Ọ̀la ni ọmọ aládùúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yóò gbéra, ó sì ní bí ọ̀nà bá dán, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun yóò fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni à ń lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo kọ ọ́, torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Màmá ti lọ aṣọ ilé-ìwé mi àti aṣọ iṣẹ́ bàbá, wọ́n fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó kan náà.

Bàbá kí yín púpọ̀. Wọ́n ní kí ẹ múra sí ìwé, pé kí ẹ má ronú nǹkan kan nípa ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbọdọ̀ dákẹ́,
Ẹnu-ò-sinmi.