Fọ́tò Ilé Wa

Iléṣà, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹwàá, 1999

Bàbá Dúpẹ́ mi,

Ajẹ́ntì tí àbúrò yín ní kó bá wa ta ilé dé láti Òṣogbo lónìí. Kò mú oníbàárà kankan wá. Kámẹ́rà ló gbé kọ́rùn. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun máa gbé fọ́tò sí, kí ará Amẹ́ríkà lè rà á láìfojú kan ilé. Bàtà rẹ̀ dán jù.

Gbogbo ibi tó dúró sí ló ti ń yẹra fún sàréè yín. Ẹni tí kò rí i kó tó sanwó, ṣé kò ní fọ́ ọ?

Mo ní, "Bàbá tó sùn níwájú ilé ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, sàréè kì í jẹ́ kí ọjà tà."

Mo bá jókòó sórí sàréè, mo tún gèlè mi wé. "Ó yá, ya àwa méjèèjì pọ̀."